Ọmọ mi mọ ìwé kà sórí, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n rò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

IyaIbeji_Ibadan:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo gbé wá, JSS2 ló wà, ó ń ṣe dáadáa, kò tíì kúrò nínú ipò mẹ́ta àkọ́kọ́ látìgbà tó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, èmi àti bàbá ẹ̀ sì ń dúpẹ́. Àmọ́ ní Sátidé tó kọjá ó ń ka Basic Science, ó ń ka photosynthesis, ìyẹn bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ara ẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀ láì wo ìwé, kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Mo wá ní kó tẹ̀lé mi lọ sẹ́yìnkùlé, a gbé páànù kan tó ti wà nílẹ̀ ọjọ́ pẹ́, gbogbo koríko abẹ́ ẹ̀ ti pọ́n, òmíì ti funfun. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó wò mí, ó ní "Mummy, tísà ò tíì kọ́ wa débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán náà ló wà níwájú ẹ̀ yẹn o! Ọ̀rọ̀ kejì ni pé tí mo bá ní kó máa bèèrè ìdí nǹkan, ìyá ọkọ mi tí à ń gbé pọ̀ á ní àfojúdi ni mò ń kọ́ ọmọ, pé ọmọ tó ń bi àgbà ní "kí ló dé" lónìí ló máa gbó àgbà lẹ́nu lọ́la. Èmi náà ò sì fẹ́ ọmọ tó ń gbó àgbà lẹ́nu. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé tiyín? Ẹ̀yin tísà inú wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i.

TisaBasicScience:
Mummy Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni mò ń kọ́, ẹ má bínú sọ́mọ yẹn rárá torí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ: ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, àkókò kéré, tísà á kọ nóòtì sójú bọ́ọ̀dù, ọmọ á dà á kọ, tó bá di ìdánwò wọ́n á ní "define photosynthesis", ọmọ tó bá kọ ọ́ bó ṣe wà nínú nóòtì ló máa gba máàkì pé, èyí tó bá fi ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kọ ọ́, tísà míì á fa igi lé e lórí. Tó bá wá dé JAMB, ìbéèrè 180 ni láàárín wákàtí 2, A B C D, kò síbi tí wọ́n ti máa bi í pé báwo lo ṣe rò ó débẹ̀. Ọmọ tó bá lórí pípé á tètè mọ ohun tí ilé ìwé ń fún èèyàn ní máàkì lé lórí, ìyẹn náà ló máa gbájú mọ́.

Koríko yẹn gan-an ni kẹ́ẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó wá ojú ibi mẹ́ta tí koríko ti tutù bákan náà, kó fi ọ̀rá dúdú bo ọ̀kan, kó fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bo èkejì, kó fi ìkẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó tó bo nǹkan kan o, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà, torí tí ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ohun tójú ẹ̀ bá rí lá ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ abẹ́ ọ̀rá dúdú nìkan ni koríko ti pọ́n, á rí i fúnra ẹ̀ pé kì í ṣe bíbò yẹn ló fà á, ìmọ́lẹ̀ ni. Tí méjèèjì bá wá pọ́n ńkọ́? Ẹ má bá a wá ìdáhùn. Ẹ bi í pé kí ló tún lè fà á, bóyá ooru ni, bóyá omi ni ò débẹ̀, báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Tẹ́ẹ bá sì bi í ní nǹkan tán, ẹ dákẹ́. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, lọ jókòó ti àwọn tísà ní kíláàsì, ó ń ka àkókò, ó rí i pé tí tísà bá béèrè ọ̀rọ̀ tán, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló máa fi dúró kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dáhùn fúnra ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní káwọn tísà yẹn máa ní sùúrù dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í lanu tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èmi máa ń kà á sínú ni, ení, èjì, ẹ̀ta. Kò rọrùn o, torí tí kíláàsì bá ti dákẹ́ á máa dà bíi pé tísà ò ríṣẹ́ ṣe.

MathsUncle_Osogbo:
Ẹ̀gbọ́n Tísà mo fara mọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un, kì í ṣe gbogbo ìdánwò wa ló jẹ́ A B C D. WAEC Maths tó bá ti dé apá theory, máàkì wà fún ọ̀nà téèyàn gbà ṣe é, máàkì wà fún ìdáhùn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tó bá ṣìṣe nísàlẹ̀ àmọ́ tí ọ̀nà ẹ̀ tọ́ á rí nǹkan gbà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ò mọ̀ ọ́n ni, torí àwọn lẹ́sìnnì kan ti fi shortcut bà wọ́n jẹ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe, mà á ṣe ìṣírò kan sójú bọ́ọ̀dù láti òkè délẹ̀, mà á mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìlà kan ṣe, mà á wá ní "àṣìṣe wà níbí o, mi ò ní sọ ibi tó wà, ẹ wá a." Ẹni tó bá rí i á dìde, á ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà kẹta yẹn ò yé mi," á sì sọ ìdí ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò sẹ́ni tó máa nawọ́, ẹ̀rù á máa bà wọ́n pé tísà máa bínú. Tó bá yá, wọ́n á máa jà du kíkọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mummy Ìbejì, ẹ lè ṣe é nílé pẹ̀lú owó ọjà. Ẹ kọ nǹkan tẹ́ẹ rà sílẹ̀, ẹ ṣi àròpọ̀ ẹ̀ ṣe, ẹ ní kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

AlhajaOlaso:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo ní kí n má dákẹ́. Èmi ò kàwé púpọ̀, aṣọ ni mò ń tà, àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, ṣé ẹ rántí MMM? Ọdún 2016 yẹn, wọ́n ní téèyàn bá kó owó síbẹ̀, lóṣù kan ìdá 30 nínú 100 máa gorí ẹ̀. Àwọn tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe púrúǹtù o. Tísà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, ọmọ yunifásítì pọ̀ níbẹ̀ jù. Mo ní ẹ jókòó ká jọ ṣe ìṣírò. Téèyàn bá kó 100,000 náírà sí i, tí ò yọ kọ́bọ̀, tó ń gbé èrè gorí owó lóṣooṣù, lọ́dún kan ó ti lé ní mílíọ̀nù 2.3. Lọ́dún méjì ó ti lé ní mílíọ̀nù 54! Mo wá ní ọjà wo ni wọ́n ń tà? Mo ti ń bọ̀ ní Èkó àti Kútọnu ọjọ́ ti pẹ́, mi ò tíì rí aṣọ, wúrà, tàbí sìmẹ́ǹtì tó ń mú irú èrè yẹn wá lóṣooṣù láì já wálẹ̀ rí. Tí kò bá wá látinú ọjà, á jẹ́ pé owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń kó fún ẹni tó ti wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹni tuntun ò bá sí mọ́ ńkọ́?

Oṣù December ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn owó pa. Gbogbo wa ní a ti kọ́gbọ́n. Nígbà tó yá, irú ẹ̀ míì tí wọ́n ń pè ní CBEX dé, tiwọn tilẹ̀ ni kí owó di ìlọ́po méjì lóṣù kan, nígbà tó fi máa di April 2025 ó ti wó, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn wọ́n ń gbé àga. Ẹ ṣe tiẹ̀ náà: 10,000 náírà tó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, lọ́dún kan ó ti kọjá mílíọ̀nù 40. Ta ló fẹ́ san án?

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ìwé tí wọ́n kà pọ̀ ju tèmi lọ, ìṣírò yẹn sì wà nínú ìwé wọn, compound interest ni ọmọ mi ní wọ́n ń pè é. Wọ́n kà á, wọ́n yege, àmọ́ kò wá sí wọn lọ́kàn pé ó kan owó ọwọ́ wọn. Ọmọ Mummy Ìbejì àti koríko yẹn náà nìyẹn. Ẹ tètè bá a ṣe é nísinsìnyí tó ṣì jẹ́ koríko.

Nurse_Eko:
Alhaja, Ọlọ́run á máa bá yín ṣọ́ ọjà yín. Bó ṣe rí lẹ sọ ọ́ yẹn, ní ti owó. Ẹ jẹ́ n mú ti ara líle wá, torí nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì wà l'Ékòó ní 2014.

Láàárín òru ọjọ́ kan lóṣù Kẹjọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ilé, ẹ dìde o, ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ẹ mu nínú ẹ̀, Ebola ò ní wọlé yín. Àwọn èèyàn dìde lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ dèrò hospital, ìròyìn gbé e pé àwọn kan kú, torí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó wá ń mu omi iyọ̀ kọ́ọ̀pù kọ́ọ̀pù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó pè é pé "ta ló sọ fún ọ, báwo lòun náà ṣe mọ̀?" Àánú àti ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pe ara wọn o, mi ò bú wọn. Àmọ́ ìfẹ́ yẹn ló gbé iyọ̀ débẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ṣe ní oṣù tó ṣáájú ẹ̀. Patrick Sawyer wọ Èkó láti Liberia ní 20 oṣù Keje, wọ́n gbé e dé hospital, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é, òun fúnra ẹ̀ sì ní òun ò bá ẹnikẹ́ni tó ní Ebola pàdé. Ebola ò tíì wọ Nàìjíríà rí, dókítà yìí ì bá gba ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ gbọ́ kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ó ní rárá, ẹni tó ti ibi tí Ebola wà dé, tí ara ẹ̀ sì rí báyìí, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ná. Àwọn aṣojú Liberia ń fúngun mọ́ dókítà yìí pé kó jẹ́ kí Sawyer máa lọ, ó kọ̀. Àìsàn yẹn ló pa dókítà náà ní 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn 20 ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú, ní 20 oṣù Kẹwàá WHO kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nínú ìlú tó kún bí Èkó! Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní wọ́ọ̀dù pé ìbéèrè kan tí obìnrin yẹn bi ara ẹ̀ ló jẹ́ kí púpọ̀ nínú wa wà láàyè.

Fún ilé, ohun tí mò ń ṣe nìyí. Tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì bá wọlé lórí WhatsApp tí ọfà méjì wà lórí ẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n ti fi ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan lọ́jọ́ yẹn. Mà á ní káwọn ọmọ wá orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti bóyá ibòmíì tí kì í ṣe WhatsApp gbé e. Tó bá jẹ́ fọ́tò, a máa fi Google Lens wá a, a ti rí fọ́tò ìjàǹbá "àná" tó jẹ́ ti ọdún pípẹ́ ní orílẹ̀-èdè míì. Tó bá wá jẹ́ àgbà ló fi í sí gúrúùpù ẹbí, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni. Ẹ ní "Ẹ kú iṣẹ́ o Daddy, ẹ ṣeun tẹ́ẹ ń ronú wa. Níbo lẹ ti rí i sà, ká lè ka ìyókù ẹ̀?" Wọ́n á lọ wá a, tí wọn ò bá rí i, àwọn fúnra wọn ló máa yọ ọ́.

BabaAgba_Abeokuta:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn ìyá ọkọ yẹn díẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á nídìí. Àwọn ọmọ wà tó jẹ́ pé torí kí wọ́n lè dójú ti bàbá wọn níwájú àlejò ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀, ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n.

Àmọ́ ẹni tó bá ní àwọn baba wa ò fẹ́ kọ́mọ ronú, kò jókòó sídìí àlọ́ rí ni. Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba? Ọmọ kan á ní ewúrẹ́, àgbà á bi í pé ṣé ewúrẹ́ kì í dún ni? Òmíì á ní afẹ́fẹ́, wọ́n á jọ gbé e yẹ̀wò, kí wọ́n tó dórí àgbàrá òjò. Ẹ wá wo ọlọ́pọ́n ayò, ilé méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ẹni tí ò bá wo ohun tí ẹnìkejì lè ṣe kó tó sọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Ẹjọ́ ńkọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n pè é. Níwájú gbogbo ẹbí ni wọ́n ti ń gbọ́ tọ̀tún tòsì, tí wọ́n á pe ẹni tójú ẹ̀ ṣe, kí olórí ẹbí tó lanu. Àwa ọmọdé wà ní kọ̀rọ̀, à ń gbọ́.

Ní ti ọ̀wọ̀, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ tipẹ́. Ọmọdé tó bá fẹ́ pòwe níwájú àgbà á kọ́kọ́ ní "tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe." Àgbà á dá a lóhùn pé "wà á rí òmíràn pa." Ọmọ ti tọrọ àyè, àgbà ti yọ̀ǹda ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti délẹ̀ bó ṣe yẹ kó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ẹ kọ́ ọmọ yẹn: "Ẹ má bínú Màmá, ẹ jẹ́ n béèrè nǹkan kan." Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ tó bá yẹ, kó sì béèrè é tán pátápátá. Tẹ́ ẹ̀yin àgbà náà ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Ọmọ ò ní torí ẹ̀ fojú kéré yín, àfi tẹ́ẹ bá parọ́ tó wá padà já a.

Dami_Ikorodu:
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Àbúrò mi obìnrin ṣe JAMB 2025, mo fẹ́ sọ tiẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 ọmọ tí máàkì wọn ò tó 200 nínú 400, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.95 tó ṣe é. Kíá ni gbogbo ìlú ti dájọ́, TikTok ni, ọmọ ìsinsìnyí ò kàwé, wọ́n ti mọ́ expo lára jù. Dádì wa náà sọ ọ́ nílé, àbúrò mi sunkún títí. Àwọn ọmọ kan, àwọn òbí, àwọn ilé ìwé wá ń kó èsì wọn jọ, wọ́n ń fi wéra, wọ́n ń kọ̀wé. Ní 14 oṣù Karùn-ún, ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, bọ́ síta, ó ń sunkún, ó ní àṣìṣe wà lọ́dọ̀ àwọn, ọmọ 379,997 ló kàn l'Ékòó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Igbo, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún un ṣe.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ apá kejì torí àwọn èèyàn kì í sọ ọ́. Àwọn tó ń pariwo pé "ọmọ púpọ̀ báyìí ò lè fìdí rẹmi, àṣìṣe wà níbẹ̀ dandan", ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ò tó. Ní 2024, ìdá 76 nínú 100 ni ò tó 200, ní 2025 ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 78. Ìyàtọ̀ ò pọ̀. Ohun tó tú àṣìṣe yẹn síta ni pé wọ́n wo ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, sẹ́ńtà wo, ìpínlẹ̀ wo. Èèyàn lè bọ́ sórí òtítọ́ kó má mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀, lọ́jọ́ míì ọ̀nà yẹn kan náà á gbé e lọ sínú irọ́.

Modakeke_Girl:
Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan èdè. Mummy Ìbejì, ẹ bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè kan náà ní Yorùbá gidi kẹ́ẹ wò ó. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́ níbí, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pámárì, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣírò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, wọ́n wá ní tísà ọ̀tọ̀ tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì gbẹ́yìn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ẹ̀ ní 2022, wọ́n tún fagi lé e ní 2025, ó dùn mí gan-an ni. Ọmọ tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń há, ibo ló ti fẹ́ ráyè wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ?

IyaIbeji_Ibadan:
Ẹ̀yin ará wa, Ọlọ́run á bá mi san yín lóore. Mo bi í ní Yorùbá o. Mo ní "kí ni ewé ń jẹ?" Mo dákẹ́ bí Ọ̀gá Tísà ṣe ní kí n ṣe. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní "oòrùn ló fi ń se oúnjẹ ẹ̀... á jẹ́ pé ebi ló pa á lábẹ́ páànù!" Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni ìyá ọkọ mi ti dá sí i láti yàrá, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ látìgbà tí àwọn ti wà lóko pé iṣu tí wọ́n bá gbìn sábẹ́ igi ńlá kì í ta bí èyí tó wà ní gbangba. Ọmọ wá ń bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ewé ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó máa ń pọ́n ni?" Wọn ò bínú rárá, ọ̀rọ̀ oko dùn mọ́ wọn lẹ́nu. A ti bo koríko o, ọ̀rá méjèèjì ti wà níbẹ̀.

Mama_Sagamu:
Mo bá yín yọ̀. Èmi ní tèmi, ọmọ mi rí àṣìṣe nínú nóòtì tísà ẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní kíláàsì, tísà nà án. Ṣé kí n ní kó máa dákẹ́ ni?

TisaBasicScience:
Ẹ pẹ̀lẹ́ Mama, ẹ bá mi kí ọmọ náà. Ẹ má ní kó dákẹ́ o, àmọ́ ẹ yí ibi tó ti ń sọ ọ́ padà. Kó dúró tí kíláàsì bá parí, kó mú ìwé ẹ̀ lọ bá tísà, kó ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí i nínú textbook pé báyìí ni, èwo ni kí n kọ?" Ọ̀pọ̀ tísà á tún un ṣe láì bínú, torí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n níbẹ̀. Ní ti nínà yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lọ, ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì prínsípà. Ẹ bá tísà yẹn lọ́tọ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ ṣí nóòtì àti textbook sí ojú ewé yẹn kẹ́ẹ jọ kà á, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n na ọmọ yín torí ìbéèrè mọ́. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa kọ lẹ́tà sí prínsípà, kẹ́ẹ kọ déètì àti ohun tí ọmọ sọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ fún ìpàdé PTA.